Àwọn Tó Fọwọ́ Bọ Ìyá Wa Lẹ́nu

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ girama ní bàọ́lọ́jì ní Ìsẹ́yìn. Mo máa ń ya sẹ́ẹ̀lì sójú pátákó pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì aláwọ̀ mẹ́ta, ọmọ tí kò bá sì lè ka ohun tó wà nínú rẹ̀ tán lẹ́sẹẹsẹ, yóò jẹ ẹgba mẹ́ta kó tó jókòó. Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ irú ẹni tó di iná mú lọ́jọ́ tí wọ́n fi omi bátìrì sí ìyá mi lẹ́nu. Kì í ṣe púrúǹtù. Tíṣà ni.

Tẹ̀dé ni ìyá wa ń gbé, nínú ilé tí bàbá wa kọ́ kó tó kú. Àbúrò mi obìnrin ló ń bá a gbé. Àbúrò mi yìí fi ilé ìwé sílẹ̀ ní ìwé mẹ́fà kí èmi tí mo jẹ́ ọkùnrin lè wọ girama. Ó lọ sílé ọkọ, ọkọ kú, ó padà wá bá ìyá wa. Iṣu ló ń bẹ, tó ń bọ̀, tó ń sá lẹ́yìnkùlé, tó ń lọ̀ di èlùbọ́ tà. Òun ló ń pọn omi tí ìyá wa ń fi ṣe àlùwàlá, òun ló ń rántí oògùn àtọ̀gbẹ tí ìyá wa gbọ́dọ̀ máa lò láàárọ̀ àti lálẹ́. Ṣùgbọ́n Ìyá Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ń pe ìyá wa. Èmi tí mo ń wá lẹ́ẹ̀mejì lóṣù, tí mo ń gbé búrẹ́dì kan dání fún ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, èmi ni wọ́n fi ń pè é. Kí n má purọ́, ó máa ń dùn mọ́ mi.

Eyín ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti luhò, ìyá wa sì ti ń ki kànáfùrù bọ ihò náà tipẹ́, tó bá sọ̀rọ̀, òórùn rẹ̀ á gba gbogbo pálọ̀. Ní ọdún tó kọjá, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wú títí ojú òsì fi fẹ́ dí. Èmi àti àbúrò mi gbé e lọ sí ilé ìwòsàn eyín kan ní Ṣakí. Dókítà ibẹ̀ jẹ́ ọmọbìnrin kan tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò ju ti àkọ́bí mi lọ. Ó wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ìyá wa, ó ní ó ṣeé mú, ó fún un lábẹ́rẹ́, ó sì yọ eyín náà láìjẹ́ kó pariwo. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í kìlọ̀.

"Màmá ní àtọ̀gbẹ, egbò wọn kò ní í yára jiná bíi ti ẹlòmíì. Ẹ̀jẹ̀ tó dì sójú ihò yẹn, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ má fi nǹkan kan sí i. Tó bá di ọ̀la, kí wọ́n máa fi omi iyọ̀ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ṣan ẹnu, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí egbò yìí bá bàjẹ́, eegun ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló kàn, ìyẹn kúrò ní ti Ṣakí. Ìbàdàn lẹ ó máa gbé wọn lọ fún iṣẹ́ abẹ, n kò sì fẹ́ kí ẹni tó ní àtọ̀gbẹ dé orí tábìlì yẹn."

Àbúrò mi bi í pé, "Nǹkan kan? Ṣé nǹkan kan rárá?"

"Nǹkan kan rárá, mà."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo sọ fún dókítà pé bàọ́lọ́jì ni mo ń kọ́, kó má da ara rẹ̀ láàmú, ohun tí kò bá yé àbúrò mi, n ó ṣàlàyé rẹ̀ fún un nílé.

Ẹni tí kì í ṣe ará ilé wa lè máa rò pé kí a má fi nǹkan kan sí egbò kò ṣòro. Ṣe lèèyàn kàn máa jókòó. Àmọ́ ní Tẹ̀dé, bí ara ẹnìkan kò bá yá, gbogbo àdúgbò ni yóò wá kí i, ẹni tó bá sì wá láìmú oògùn dání, ìran ló wá wò. Oògùn ni ìkíni. Bí o bá wá kọ oògùn àgbàlagbà, o kò tíì sọ ọ́ jáde, ṣùgbọ́n ohun tí o wí ni pé o fura sí ọwọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn kì í tán bọ̀rọ̀. Mo mọ ìdílé méjì tí wọn kì í kí ara wọn di òní olónìí nítorí àgbo kan tí wọ́n dà nù.

Kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé, oògùn ti kún orí tábìlì. Ìyá kan ládùúgbò gbé aṣáà wá, ó ti pò ó mọ́ káún, ó ní kí wọ́n kì í sínú ihò náà kó le gbin-in. Awakọ̀ kan tó ti fẹ̀yìn tì gbé kẹrosíìnì wá nínú ìgò oògùn ikọ́. Ó ní òun fúnra òun ló ti gbìyànjú rẹ̀ wò, ó sì la ẹnu kí a rí i. Eyín mẹ́rin péré ló kù níbẹ̀. Obìnrin oníṣòwò kan tó ń bọ̀ láti Ìràwọ̀ sọ álọ́ọ̀mù sílẹ̀, ó ní kí wọ́n lọ̀ ọ́ kúnná. Àáfáà wa mú hàntú wá, èyí tí wọ́n fọ̀ kúrò lójú wàláà, òun nìkan ló sì lórí pípé nínú gbogbo wọn, nítorí ó ní mímu ni, kò sí ohun tó kàn án pẹ̀lú ihò eyín. Ẹnì kan tiẹ̀ ní kí wọ́n fi irun ewúrẹ́ tó jóná sí i. N kò béèrè ìdí.

Àbúrò mi kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Bí wọ́n bá ti gbé e dé, yóò kúnlẹ̀ gbà á pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, yóò ní, "Ẹ ṣé o, Ọlọ́run á jẹ́ ó jẹ́." Bí wọ́n bá ti yí ẹ̀yìn padà, yóò gbé e sẹ́yìn ìkòkò omi, á sì lọ gbé omi iyọ̀ kaná. Mo rí i, mo sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní ṣé ó fẹ́ ṣí ilé oògùn ni. Èmi, tí mo ti gba àyè ọ̀sẹ̀ kan níbi iṣẹ́, ń jókòó ní pálọ̀ pẹ̀lú àwọn àlejò, mo ń ṣàlàyé bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń dì. Wọ́n ń mi orí. Wọ́n ní ìwé dára.

Ó di ọjọ́ kẹfà, ọjọ́ Sátidé, ìrora kò tíì lọ. Ògì bàbà tó ti tutù nìkan ni ìyá wa ń mu, ọrùn rẹ̀ ti ń fà. Àbúrò mi gbé iṣu gbígbẹ lọ sí ẹ̀rọ, ó ní òun kò ní í pẹ́. Kò tíì ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ tí àbúrò bàbá wa wọlé.

Ẹ gbọ́dọ̀ mọ bàbá yìí. Òun ló kù nínú àwọn ọkùnrin ìran bàbá wa, nítorí náà òun ni olórí ẹbí. Bátìrì mọ́tò àti ti ọ̀kadà ló ń ṣájì lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì, ó ti tó ogójì ọdún. Gbogbo ṣòkòtò rẹ̀ ló luhò wíníwíní níwájú, níbi tí omi bátìrì ti ta sí i. Kò mú oògùn wá kó gbé e sílẹ̀ bíi ti àwọn tó kù. Ó mú ìgò kékeré kan àti òwú, ó sì ká apá aṣọ rẹ̀ sókè.

Ó ní, "Ìyá Tíṣà, ẹ kú ìrọ́jú. Mo ti mọ ohun tó ń ṣe yín. Eyín ni wọ́n yọ, wọn kò pa iṣan rẹ̀. Iṣan yẹn ló ń jà lábẹ́ ibẹ̀. Tí iṣan bá kú, ìrora kú. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni n ó fi tọ́ ọ." Ó wá yíjú sí mi. "Tíṣà, tan iná fóònù rẹ, kí n lè rí ibẹ̀ dáadáa."

Mo mọ ohun tó wà nínú ìgò yẹn. Mo mọ orúkọ rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, mo mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ní lẹ́tà àti nọ́ńbà. Mo ti kìlọ̀ fún ọmọ tó lé ní ẹgbẹ̀rún pé bí ó bá ta sí wọn lára, kí wọ́n sáré lọ sídìí ẹ̀rọ omi. Àwọn ihò tó wà lára ṣòkòtò ẹni tó gbé e dání ń wò mí lójú. Mo la ẹnu, mo ní, "Bàbá, ṣé kò ní í…"

"Kò ní í kí ni?"

"Kò sí o, Bàbá."

Mo tan iná.

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè, òwe àwọn bàbá wa nìyẹn, òun ni mo sì sọ fún ara mi nígbà tí mo ń gbé iná náà sún mọ́ ọn. N kò rántí pé òwe náà kò ní kí á bá àgbà di iná mú. Ìyá wa wo ojú mi kó tó la ẹnu. Mo mi orí sí i bí ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe. Òun náà gbà pé ọmọ òun mọ̀wé, nítorí náà ó la ẹnu.

Igbe tó ké, n kò fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ púpọ̀. Àbúrò bàbá wa ní, "Ẹ rí i? Iṣan náà ló ń kú lọ yẹn." Ó sì tún tẹ òwú náà mọ́ ọn.

Igbe yẹn ni àbúrò mi gbọ́ lójú ọ̀nà. Ó ju igbá èlùbọ́ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ilẹ̀ funfun báláú, ó wọlé, ó gbọ́ òórùn, kò béèrè nǹkan kan. Ó fi ìka gbọ́n òwú náà jáde. Ó tẹ orí ìyá wa síwájú, ó ń bu omi sí i lẹ́nu, ó ń ní kó tu ú dànù, kó tún gbà, kó tún tu ú, títí garawa kan fi tán, ó ní kí n pọn òmíràn wá. Lẹ́yìn tó ti ṣe é tó sì rẹ̀ ẹ́, ó gbé ìgò náà fún àbúrò bàbá wa pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ sílé. Ẹ má tún wá síbí títí ẹnu yìí á fi jiná."

Ṣé ẹ gbọ́? Obìnrin lé olórí ẹbí jáde nínú ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bàbá náà kọ́kọ́ rò pé òun kò gbọ́ ọ dáadáa. Nígbà tó yé e, ó pariwo dé gáréèjì. Kí oòrùn tó wọ̀, gbogbo Tẹ̀dé ti gbọ́ pé ọmọ kan tí kò níwèé, tí kò lọ́kọ, ti sọ ara rẹ̀ di báálé. Ohun tí mo kọ́kọ́ sọ fún un náà kò yàtọ̀. Mo ní, "Ó yẹ kó o fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ọ́." Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ pe mọ́tò."

Ní Ṣakí, dókítà wo inú ẹnu náà pẹ́. Ó béèrè pé ta ló ṣe èyí. Mo ní, "Àwọn ará ilé ni." Àbúrò mi wò mí, ó sì wo ibòmíràn. Mo tètè fi kún un pé, "Èrò wọn ni pé bí iṣan bá kú, ìrora á lọ."

Dókítà mí kanlẹ̀. Ó ní apá kan èrìgì ti kú, eegun sì ti yọjú níbẹ̀, kò ju hóró ọkà lọ. Ó fọ ibẹ̀, ó fún wa ní oògùn, ó ní kí a padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Bí ẹran bá ti bo eegun náà, ó parí. Bí kò bá bò ó, Ìbàdàn.

Mo fẹ́ fi hàn pé èmi kì í ṣe ara àwọn tí wọ́n da ásíìdì sí i. Mo ní, "Dókítà, mo mọ̀ nípa iṣan. Mo máa ń kọ́ wọn pé sẹ́ẹ̀lì kan wé mọ́ ọn, bí ike ṣe wé mọ́ wáyà iná."

Ó ní, "Bí wọ́n ṣe kọ́ àwa náà nìyẹn, sà. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn sẹ́ẹ̀lì yẹn ló ń dúró ti iṣan nígbà gbogbo, wọ́n ń bọ́ ọ, wọ́n ń dáàbò bò ó. Bí egbò bá wá dé, tí iṣan gé, wọn kì í jókòó máa wò. Wọ́n á tú ara wọn kúrò lára rẹ̀, wọ́n á yí ìṣe padà, wọ́n á máa pọ̀ sí i, wọ́n á wọnú egbò lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ránṣẹ́ sí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń hun ẹran tuntun pé iṣẹ́ ti yá. Àwọn náà ló ń la ọ̀nà fún iṣan láti tún hù. Bí egbò bá wá dí, wọ́n á padà sẹ́nu iṣẹ́ wọn àtijọ́. Iṣan sì pọ̀ lẹ́nu. Àwọn olùwádìí ṣì ń tú ọ̀rọ̀ náà wò, ṣùgbọ́n wọ́n ti rí i pé àwọn sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí lọ́wọ́ nínú bí egbò ẹnu ṣe ń jiná." Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀. "Ẹni tó bá ní òun ń pa iṣan, àwọn olùrànlọ́wọ́ wọ̀nyẹn ló ń pa. Kí ló wá kù tó máa wo egbò?"

A ní kí wọ́n bá wa fẹ́ ojú, wọ́n fi ata sẹ́nu. Ṣùgbọ́n ohun tó dùn mí jù lọ́jọ́ náà, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́, kì í ṣe ẹnu ìyá mi. Ohun tó dùn mí ni pé ọmọdé kan kọ́ mi ní iṣẹ́ mi lójú àbúrò mi. Ní gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ni, ìlà kan ṣoṣo ni mo ń kọ nípa àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí: "Wọ́n ń ti iṣan lẹ́yìn." N ó sì nu pátákó. Irú àtìlẹ́yìn tí mo mọ̀ ni ti àwọn tó ń tẹ̀ lé olóṣèlú wa ká nígbà ìbò, tí wọ́n ń wọ fílà rẹ̀, tí wọ́n ń rọ́ gìrìgìrì lẹ́yìn rẹ̀, tí wọ́n ń retí ìrẹsì. Bí egbò bá dé bá ọ̀gá wọn lónìí, ẹgbẹ́ mìíràn ni wọn yóò wà lọ́la.

Ọ̀sẹ̀ méjì náà gùn. Àbúrò mi gbé àpótí sẹ́nu ọ̀nà yàrá ìyá wa, ó gbé iṣu àti ọ̀bẹ síbẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń bẹ iṣu láti àárọ̀. Ẹni tó bá wá kí ìyá wa, ẹnu ọ̀nà ni yóò ti kí i. Kò tún gba oògùn mọ́. Ó ní kí wọ́n má bínú, dókítà ti sọ̀rọ̀. Wọ́n bínú. Wọ́n ní ó ti há ìyá rẹ̀ mọ́lé, ó fẹ́ pa á kó lè jogún ilé. Ìyá tó mú aṣáà wá kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́, wọn kò sì ra èlùbọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ ládùúgbò. Láàárín gbogbo èyí, ó ń fún ìyá wa lóògùn rẹ̀ lákòókò, ó ń gbé omi iyọ̀ kaná, ó ń fi ẹja lílọ̀ àti ẹ̀wà tó ti rọ̀ dáadáa bọ́ ọ, ṣíbí kan lẹ́yìn èkejì, ní apá ọ̀tún ẹnu. Ìyá wa kò lè sọ̀rọ̀ tó já gaara. Ọwọ́ ló fi ń ṣe àpèjúwe, àbúrò mi sì ń gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Níbo ni èmi wà? Iṣẹ́ ìjọba kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Mo padà sí Ìsẹ́yìn ní ọjọ́ Ajé. Ní yàrá àwọn olùkọ́, mo sọ ọ̀rọ̀ àwọn sẹ́ẹ̀lì náà fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi, mo yà wọ́n sórí bébà, ẹnu yà wọ́n. Mo ń pe ilé ní alaalẹ́. Mo ń bẹ̀rù, mo fẹ́ kí ẹ gba èyí gbọ́. Mo ń rí eegun funfun yẹn bí mo bá di ojú. Ṣùgbọ́n láti Ìsẹ́yìn ni mo ti ń bẹ̀rù.

Nígbà tí a padà sí Ṣakí, àdúrà ni mo ń gbà látìgbà tí a ti wọ mọ́tò. Dókítà tan iná sí ibẹ̀, ó fi irin kékeré kan tọ́ ọ yíká. Kò sí eegun. Ẹran pupa tuntun ti bò ó látòkè délẹ̀, ó ń dán bíi ti ọmọ ọwọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹni tó tọ́jú wọn ṣiṣẹ́ o." Mo ní, "A dúpẹ́." Ẹnu mi yá, mo ti sọ ọ́ tán kí n tó mọ̀. Àbúrò mi ń bá ìyá wa so gèlè.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n olórí ẹbí kò gbàgbé pé wọ́n lé òun. Ó ránṣẹ́ pe ìpàdé ẹbí sí ilé wa ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú. Àwọn àgbàlagbà bí ẹni mẹ́wàá ló wá. Wọ́n kọ́kọ́ ní kí ìyá wa la ẹnu, ó là á, wọ́n wò ó, wọ́n ní Àlùhámúdùlílàhì. Ni àbúrò bàbá wa bá dìde.

"Ṣé ẹ ti rí i? Ṣé omi bátìrì pa á? Mo ní iṣan ni n ó pa, mo pa á, ìrora sì lọ. Iṣẹ́ ọwọ́ mi nìyẹn. Ọmọ tó yẹ kó dúpẹ́ ló lé mi bí ajá. Kó wá kúnlẹ̀ kó bẹ̀ mí, kí gbogbo ẹbí rí i."

Wọ́n mi orí. Wọ́n ní òótọ́ ni, ọmọ kì í lé bàbá. Wọ́n wò mí. Èmi ni ọ̀mọ̀wé àárín wọn, ọ̀rọ̀ kan péré láti ẹnu mi ì bá tó. Mo dìde, mo lọ bá àbúrò mi nídìí ààrò.

Mo ní, "Kúnlẹ̀ fún un, kó tán. Ìkúnlẹ̀ kì í pa èèyàn."

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀."

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Ẹ sọ ọ́ fún wọn nígbà náà."

"Kì í ṣe ibi tí a ti ń sọ irú rẹ̀ nìyí. Àgbà ni."

Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró. Ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó lọ sí pálọ̀, ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú." Bàbá kò ní kó dìde. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ fún un, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tó ti kúrò nílé ọkọ, ó ń bọ̀ wá sí ti bátìrì. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mo wo ilẹ̀. Ojú ń tì mí, ṣùgbọ́n kò tì mí tó kí n sọ̀rọ̀.

Ìyá wa ló dìde. Ó fi ọwọ́ ti àga, ó rìn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀, ó sì rọra kúnlẹ̀, eékún rẹ̀ ń ró. Gbogbo ilé ní háà. Àbúrò mi fẹ́ gbé e dìde, ó gbọ́n ọwọ́ rẹ̀ nù.

Ó ní, "Ọkọ mi, èmi ni kí ẹ bínú sí. Èmi ni mo ni ẹnu. Ẹ̀yin lẹ da nǹkan sí i. Tíṣà ló tan iná sí i fún yín. Ẹni tó fọ̀ ọ́, tó bọ́ ọ, tó jókòó tì í títí ó fi jiná lẹ ń bá wí lórí ìkúnlẹ̀ yìí." Ọ̀rọ̀ rẹ̀ já gaara, ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. "Tí irọ́ ni mo bá ń pa, Tíṣà nìyẹn, ẹ bi í."

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Àbúrò bàbá wa náà ń wò mí. Mo wú ikọ́ bí mo ṣe máa ń wú u kí n tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́. Gbogbo ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu mi, àti ásíìdì, àti iṣan, àti sẹ́ẹ̀lì.

Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ fún Bàbá lómi tútù mu ná."

Àbúrò mi ti fi ọwọ́ tẹlẹ̀ láti dìde lọ bu omi náà. Ìyá wa di ìró rẹ̀ mú.

Ó ní, "Jókòó. Tíṣà, lọ bu omi."

Mo lọ. Mo ṣí ìkòkò omi, mo wo orí tábìlì, mo wo abẹ́ rẹ̀, mo wo inú apẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń dúró dè mí ní pálọ̀. N kò mọ ibi tí wọ́n ń kó ife sí nílé ìyá mi.